Ayámìpadà, Atọ́nà àti Afọ́nìgbì: Àlàyé lórí Ẹ̀rọ Íntánẹ́ẹ̀tì Inú Ilé àti Bí A Ṣe Ń Yàn Wọ́n

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó ń ṣe iṣẹ́ ọ̀rọ̀ mẹ́ta lẹ́nu ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn tí ń lo íntánẹ́ẹ̀tì ní ìlú Abẹ́òkúta lóde òní. Ọ̀rọ̀ náà ni wáífáì. Bí dátà tí ènìyàn rà sórí sìímù bá parí, yóò ní, 'Wáífáì mi ti tán.' Bí òpó ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù bá jìnnà sí ilé rẹ̀, yóò ní, 'Wáífáì kì í wọlé dáadáa ní àdúgbò wa.' Bí ó bá sì jẹ́ pé inú ilé ìdáná nìkan ni fóònù rẹ̀ kì í ti í ṣiṣẹ́, wáífáì náà ni yóò tún dá lẹ́bi. Àìsàn mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ìwọ̀nyí, oògùn wọn kò sì papọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó jẹ́ pé orúkọ kan ni a fún wọn, oògùn kan náà ni aláìsàn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń lọ rà lọ́jà, èyíinì ni ẹ̀rọ tuntun.

Ohun tí a fẹ́ ṣe nínú àròkọ yìí ni láti ya iṣẹ́ mẹ́ta tí ẹ̀rọ íntánẹ́ẹ̀tì inú ilé ń ṣe sọ́tọ̀ kúrò lára wọn, kí a dábàá orúkọ Yorùbá fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí a sì fi hàn bí mímọ orúkọ wọ̀nyí ṣe lè ran ẹni tí ó fẹ́ ra ẹ̀rọ lọ́wọ́. Kì í ṣe pé a kórìíra ọ̀rọ̀ àyálò. Módẹ̀mù, ráútà àti mífáì ti wọ àwọn ènìyàn lẹ́nu, kò sì sí ẹni tí yóò lé wọn jáde kúrò ní ọjà Kútọ̀. Àléébù wọn ni pé wọn kò sọ ohunkóhun nípa iṣẹ́ tí ẹ̀rọ ń ṣe fún ẹni tí kò gbọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì, owó sì ń bá àìmọ̀ yìí lọ. Ní oṣù Kìíní ọdún 2025, àjọ NCC tí ń ṣàkóso ètò ìbánisọ̀rọ̀ ní Nàìjíríà fún àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù láyè láti fi tó ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún kún owó tí wọ́n ń gbà. Ìyá tí ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú, tí ń fi àwòrán aṣọ ránṣẹ́ sí àwọn oníbàárà rẹ̀ ní Èkó àti ní Lọ́ńdọ̀nù, kò ní owó tí yóò fi ra ẹ̀rọ tí kò wúlò fún un lẹ́yìn tí ó ti ra dátà.

Ìlú Abẹ́òkúta kò sì ṣe àjèjì sí fífi orúkọ Yorùbá pe ohun tí ó ti òkèèrè wá. Níbẹ̀ ni Henry Townsend ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ Ìwé Ìròyìn fún àwọn ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá ní oṣù Kejìlá ọdún 1859. Ìwé náà kò pé ọdún mẹ́wàá kí ó tó kógbá sílé, ṣùgbọ́n ìwé ìròyìn ni gbogbo wa ṣì ń pe irú rẹ̀ títí di òní.

Ayámìpadà

Kí a bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ohun tí a ń pè ní módẹ̀mù. Nínú kọ̀ǹpútà àti nínú fóònù, ohun gbogbo, ìbáà ṣe ọ̀rọ̀, ìbáà ṣe àwòrán tàbí ohùn orin, àmì méjì péré ni a fi ń kọ wọ́n sílẹ̀: òdo àti ení. Ọ̀kọ̀ọ̀kan àmì wọ̀nyí ni à ń pè ní bíìtì. Òdo àti ení kò lè dá rin ìrìn-àjò. Wáyà tẹlifóònù àtijọ́, ohùn ènìyàn ni a ṣe é fún; ojú òfuurufú, ìgbì ni ó ń gbé; okùn gíláàsì tí a rì mọ́lẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ni ó ń gbé. Nítorí náà, a ní láti ní ẹ̀rọ kan tí yóò yí òdo àti ení padà sí irú ohun tí ọ̀nà náà lè gbé, kí òmíràn sì wà ní òpin ìrìn-àjò tí yóò yí i padà sí òdo àti ení bí ó ti wà tẹ́lẹ̀.

Ẹni tí ó bá mọ dùndún kò ní pẹ́ kí ó tó lóye èyí. Ọ̀rọ̀ wà nínú onílù. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán kò lè dé òkèèrè, ṣùgbọ́n ìró ìlù lè dé ibẹ̀. Onílù yóò yí ọ̀rọ̀ padà sí ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀. Afẹ́fẹ́ yóò gbé e. Ẹni tí ó gbọ́ èdè ìlù yóò sì tún un yí padà sí ọ̀rọ̀ nínú ọkàn rẹ̀. Iṣẹ́ ìyípadà ní àlọ àti ní àbọ̀ yìí gan-an ni módẹ̀mù ń ṣe. Ṣùgbọ́n ibì kan wà tí àfiwé náà pin sí. Onílù kì í lu kọ́nsónáǹtì àti fáwẹ̀lì. Olùgbọ́ ni ó ń fi òye dí àlàfo wọn. Ẹ̀rọ kò ní irú òye bẹ́ẹ̀. Bí bíìtì díẹ̀ bá bàjẹ́ lójú ọ̀nà, yóò ní kí wọ́n tún un fi ránṣẹ́ ni. Ìdí nìyí tí íntánẹ́ẹ̀tì fi máa ń falẹ̀ níbi tí ariwo bá ti pọ̀ lójú ọ̀nà tàbí tí àmì bá ti rọ̀: kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ ń rìn jẹ́ẹ́jẹ́, àtúnsọ ni ó pọ̀ jù.

Orúkọ tí a dábàá fún ẹ̀rọ yìí ni ayámìpadà. Àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ a- ni a fi ṣáájú àpólà ìṣe 'yí àmì padà', tí ìpàrójẹ sì dé bá fáwẹ̀lì ọ̀rọ̀-ìṣe 'yí' nígbà tí ó pàdé fáwẹ̀lì tí ó bẹ̀rẹ̀ 'àmì'. A kò mú 'ayípadà' lásán, nítorí pé ó sún mọ́ 'àyípadà' jù, ènìyàn yóò sì máa ṣi ọ̀kan kà fún èkejì. Orúkọ Gẹ̀ẹ́sì tí àwa ń pè ní módẹ̀mù pàápàá, ìsúnkì ọ̀rọ̀ méjì ni: ọ̀kan túmọ̀ sí gbígbé àmì wọ ara ìgbì, èkejì sì túmọ̀ sí bíbọ́ àmì kúrò lára ìgbì. Ohun tí ọ̀rọ̀ Yorùbá wa ń sọ kò jìnnà sí èyí.

Ẹ̀rọ náà ti pẹ́ ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rò lọ. Bell 103 tí ilé-iṣẹ́ AT&T ti Amẹ́ríkà gbé jáde ní ọdún 1962 ń gbé bíìtì 300 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìlànà V.90 ti ọdún 1998 gbé e dé 56,000 lórí wáyà tẹlifóònù kan náà, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ibẹ̀ ni agbára wáyà náà mọ. Àwọn tí wọ́n fi tẹlifóònù NITEL wọ íntánẹ́ẹ̀tì nígbà náà yóò rántí igbe tí ẹ̀rọ náà máa ń ké kí ó tó dákẹ́: ayámìpadà méjì ni wọ́n ń kí ara wọn, tí wọ́n ń bèèrè bí ọ̀nà ti rí. Ayámìpadà òde òní kò jáwọ́ nínú ìkíni yìí. Ìgbì tí etí kò lè gbọ́ ni ó ń fi kí òpó.

Atọ́nà

Ayámìpadà ti gbé ọ̀rọ̀ dé ẹnu ọ̀nà ilé. Ta ni ó ni ín nínú ilé? Baálé ń wo ìròyìn lórí fóònù rẹ̀, ọmọ ń ka ìwé JAMB lórí kọ̀ǹpútà, àǹtí ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀. Ẹ̀rọ kan ní láti mọ ẹni tí ó bèèrè ohun kọ̀ọ̀kan. Ó ń fún ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan nínú ilé ní nọ́ḿbà, irú bí 192.168.1.5, ó sì ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ohun tí nọ́ḿbà kọ̀ọ̀kan bèèrè. Ní ìta, nọ́ḿbà kan ṣoṣo ni ayé mọ̀ mọ́ gbogbo ilé náà, gẹ́gẹ́ bí ènìyàn ti lè fi orúkọ agbo ilé kan ránṣẹ́, tí ẹni tí ó wà lẹ́nu géètì yóò sì mọ yàrá tí iṣẹ́ náà ń lọ.

Atọ́nà ni a pe ẹ̀rọ yìí, láti inú a- àti 'tọ́ ọ̀nà'. Ọ̀rọ̀ náà ti wà nínú èdè tẹ́lẹ̀ fún ẹni tí ń mú àlejò mọ̀nà. A kàn fẹ ìtumọ̀ rẹ̀ lójú ni. Nígbà tí ènìyàn bá fẹ́ rà á, ohun tí ó yẹ kí ó bèèrè ni iye ẹ̀rọ tí ó lè tọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀pọ̀ mífáì kì í gbà ju ẹ̀rọ 10 tàbí 16 tàbí 32 lọ. Ilé tí àwọn ayálégbé mẹ́fà bá ti fẹ́ dá owó jọ ra ọ̀kan, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní fóònù méjì àti tẹlifíṣọ̀n kan, iye yẹn ti kọjá ti ẹ̀rọ kékeré.

Afọ́nìgbì

Iṣẹ́ kẹta ni ó ni orúkọ wáífáì ní tòótọ́. Lẹ́yìn tí atọ́nà bá ti mọ ẹni tí ó ni ọ̀rọ̀, ó kù kí ọ̀rọ̀ náà dé orí fóònù láìsí wáyà. Ẹ̀rọ tí ń fọ́n ìgbì káàkiri ilé fún iṣẹ́ yìí ni a pè ní afọ́nìgbì.

Níhìn-ín ni a fẹ́ kí òǹkàwé dúró díẹ̀, nítorí ibí yìí ni ìdàrúdàpọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ìgbì méjì ni ó wà. Ìgbì òde ni ó ń ti orí òpó ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù wá bá ayámìpadà. Ìgbì ilé ni ó ń ti ara afọ́nìgbì wá bá fóònù. Ìgbì òde lè rìn tó kìlómítà púpọ̀. Ìgbì ilé kì í sábà kọjá mítà díẹ̀ lẹ́yìn ògiri. Dátà tí a ń fi owó rà, ìgbì òde ni a ń rà á fún. Ìgbì ilé kì í ná wa ní kọ́bọ̀, kì í sì í tán, bí iná bá ṣáà ti wà lára ẹ̀rọ. Nítorí náà, 'wáífáì mi ti tán' jẹ́ gbólóhùn tí kò lè jẹ́ òótọ́ láéláé. Àmì kékeré tí ó dà bí abẹ̀bẹ̀ lókè ojú fóònù, ìgbì ilé nìkan ni ó ń wọ̀n. Abẹ̀bẹ̀ náà lè kún dẹ́ńdẹ́ nígbà tí dátà ti tán, tàbí nígbà tí òpó ti kú láti àárọ̀. Ẹni tí ó bá ń wo abẹ̀bẹ̀ yìí kí ó tó pinnu pé ẹ̀rọ òun ti bàjẹ́, ibi tí kò sí ìdáhùn ni ó ń wò.

Ìgbì a máa yàtọ̀ síra nípa iye ìgbà tí ó ń lọ sókè sódò ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Iye-ìgbì ni a ó máa pè é. Ìgbì ilé tí ó wọ́pọ̀ jù pín sí méjì: èyí tí iye-ìgbì rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 2,400 mẹ́gáháàtì, àti èyí tí ó jẹ́ nǹkan bí 5,000, mẹ́gáháàtì kan sì jẹ́ mílíọ̀nù ìgbì kan ní ìṣẹ́jú àáyá. Gígùn ìgbì kan nínú ti àkọ́kọ́ tó sẹ̀ǹtímítà 12 àti ààbọ̀. Ti èkejì jẹ́ nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 6. Bí iye-ìgbì bá ti ń pọ̀ sí i ni ògiri ń dá ìgbì náà dúró sí i. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí nínú ohùn: láti ọ̀nà jíjìn ni a ti ń gbọ́ ìlù ńlá níbi ìnáwó, a ó sì sún mọ́ ibẹ̀ gan-an kí a tó gbọ́ ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Ti 5,000 yára, ó sì dára nínú yàrá kan náà pẹ̀lú ẹ̀rọ. Ti 2,400 ni ó máa ń dé yàrá kẹta.

Ilé Abẹ́òkúta kò sì rí bákan náà. Ògiri amọ̀ àwọn ilé àtijọ́ yíká Aké àti Ìtòkú nípọn, ó sì ń gbé púpọ̀ mì nínú ìgbì. Búlọ́ọ̀kù sàn díẹ̀, ṣùgbọ́n ilé alájà tí a fi irin dì nínú kọnkéré máa ń ya òkè nípa sí ìsàlẹ̀. Páànù ń da ìgbì padà pátápátá, bẹ́ẹ̀ sì ni jígí ńlá tí a gbé kọ́ ògiri. Táńkì omi ń gbé e mì. Bí afọ́nìgbì bá wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n, tí ilé ìdáná kò sì rí i, kí a gbé e jáde sí àárín ilé, sí ibi gíga, ni ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ láti ṣe, ọ̀fẹ́ sì ni. Bí ilé bá tóbi ju èyí lọ, afọ́nìgbì kejì tí a fi wáyà so mọ́ atọ́nà ni yóò wò ó sàn. Àwọn kan ń ra ẹ̀rọ tí ń gba ìgbì ilé tí ó sì ń tún un fọ́n láìsí wáyà. Ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n irú èyí tí owó rẹ̀ kéré sábà máa ń dín ìyára kù sí nǹkan bí ìdajì, nítorí pé ìgbì kan náà ni ó fi ń gbọ́ tí ó sì fi ń sọ.

Ìgbì òde láàárín òkúta

Bí a bá ti yanjú ìgbì ilé, ó ku ìgbì òde, òun sì ni ó le jù ní ìlú tí a dá sáàárín òkúta. Àpáta Olúmọ ga tó mítà 137 sí ìtẹ́jú òkun, kì í sì í ṣe òun nìkan ni àpáta tí ó wà nílùú. Òkúta líle bẹ́ẹ̀ kì í jẹ́ kí ìgbì kọjá; ó máa ń ní òjìji fún ìgbì gẹ́gẹ́ bí ó ti ní fún oòrùn. Ilé méjì lè wà ní àdúgbò kan náà, kí ọ̀kan rí òpó, kí èkejì sì wà nínú òjìji àpáta. Nítorí náà, ẹ̀rí aládùúgbò pé 'tèmi ń yára' kò tó.

Ìgbì òde tí àwọn ilé-iṣẹ́ ń lò ní Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bí 700 mẹ́gáháàtì títí dé 3,500. Òfin ìlù ńlá àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ kan náà ni ó wà níbẹ̀. Ti 700 àti 800 ń rìn jìnnà, ó sì ń wọ inú ilé. Ti 2,600 ń gbé bíìtì púpọ̀ ṣùgbọ́n kì í jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Ti 3,500 tí MTN fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìran karùn-ún ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022 fẹ́ kí òpó wà nítòsí. Ẹni tí ó bá lọ fi owó ńlá ra ẹ̀rọ ìran karùn-ún sí ilé tí ìgbì ìran karùn-ún kò dé, ẹ̀rọ ìran kẹrin olówó gọbọi ni ó rà.

Báwo ni a ṣe lè mọ̀ láìsọ àsọtẹ́lẹ̀? Ayámìpadà fúnra rẹ̀ mọ̀ ọ́n. Lábẹ́ púpọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí ni a kọ nọ́ḿbà kan sí, bí 192.168.8.1. Bí a bá tẹ nọ́ḿbà yìí sí ibi tí a ń kọ àdírẹ́sì sí lórí fóònù tí ó ti so mọ́ ẹ̀rọ náà, ojú ìwé kan yóò ṣí. Níbẹ̀ ni a ó ti rí lẹ́tà RSRP pẹ̀lú nọ́ḿbà tí ó ní àmì ìyọkúrò níwájú. Agbára ìgbì òde nìyẹn, tí a fi dẹ́síbẹ́ẹ̀lì wọ̀n. Èyí tí ó bá sún mọ́ òdo jù ni ó lágbára jù: −80 dára gan-an, −100 ṣe é fara mọ́, −115 kò wúlò tó. Ìṣirò rẹ̀ kì í ṣe ti oníkọ́bọ̀. Ìdínkù 10 túmọ̀ sí pé agbára ti di ìdá kan nínú mẹ́wàá. Ìdínkù 20, ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Ká ní ìyá aládìrẹ wa gbé mífáì rẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì, ó sì rí −112, ó wá gbé e sójú fèrèsé tí ó kọjú sí òpó, ó di −92. Agbára tí ó ń wọlé ti di ìlọ́po ọgọ́rùn-ún, kò sì ná an ju ìgbésẹ̀ mẹ́fà lọ. Kí ó yí gbogbo fèrèsé ká kí ó tó pinnu ohunkóhun. Bí gbogbo fèrèsé bá kọ̀, nígbà náà ni èríàlì òde, tí a gbé sókè òrùlé tí a sì fi wáyà so mọ́ ayámìpadà, tó ohun tí a ń rà. Kí ó sì rí i pé ihò èríàlì wà lára ẹ̀rọ, nítorí ọ̀pọ̀ mífáì kò ní in.

Àìsàn kẹrin kan wà tí ẹ̀rọ kankan kò lè wò. Bí agbára ìgbì bá dára ní gbogbo ìgbà, tí íntánẹ́ẹ̀tì sì yára ní agogo márùn-ún ìdájí ṣùgbọ́n tí ó ń wọ́ bí ìgbín ní agogo mẹ́jọ alẹ́, èrò ni ó pọ̀ lórí òpó. Sìímù ilé-iṣẹ́ mìíràn ni kí ènìyàn dán wò. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ìdààmú náà jìnnà ju ìlú lọ: ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, okùn mẹ́rin tí ó gba abẹ́ òkun kọjá, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bàjẹ́ létí òkun Côte d'Ivoire, íntánẹ́ẹ̀tì sì dá rú ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, Nàìjíríà pẹ̀lú. Ẹni tí ó sáré lọ pààrọ̀ ẹ̀rọ lọ́jọ́ náà fi owó rẹ̀ ṣòfò.

Ohun tí a ń rà

Ní ọjà, a kì í sábà rí iṣẹ́ mẹ́ta yìí lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Mífáì jẹ́ ayámìpadà, atọ́nà àti afọ́nìgbì nínú àpótí kan tí ó wọ àpò, pẹ̀lú bátìrì tirẹ̀. Ó dára fún ẹni tí ń lọ tí ń bọ̀ láàárín ṣọ́ọ̀bù àti ilé, ṣùgbọ́n èríàlì rẹ̀ kéré, ìgbì ilé rẹ̀ kì í sì í jìnnà. Àpótí ńlá tí a ń kì bọ iná ń ṣe iṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bákan náà, èríàlì rẹ̀ sì tóbi. Òun ni a gbà pé ó yẹ fún ilé tí ènìyàn mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ń gbé. Níbi tí okùn ìmọ́lẹ̀, tí àwọn ará ọjà ń pè ní fáíbà, bá ti kọjá níwájú ilé, ayámìpadà ti ìmọ́lẹ̀ ni wọn yóò fi há ara ògiri. Atọ́nà àti afọ́nìgbì lè wà nínú rẹ̀ tàbí kí wọ́n dá dúró. Ẹni tí ó bá ti ní èyí tí ó tún lọ ra mífáì nítorí pé yàrá ẹ̀yìn kò gbọ́, afọ́nìgbì kan ni ó nílò, kì í ṣe dátà kejì.

Ní ti abúlé tí ó jìnnà sí òpó, gẹ́gẹ́ bí àwọn kan lẹ́yìn Àlàbàtà tàbí ní ìhà Ọwọ́dé, sátẹ́láìtì wà. Starlink bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Nàìjíríà ní oṣù Kìíní ọdún 2023. Àwọn sátẹ́láìtì àtijọ́ wà ní nǹkan bí kìlómítà 36,000 sókè. Ọ̀rọ̀ yóò gòkè, yóò sọ̀ kalẹ̀, èsì yóò tún gòkè, yóò tún sọ̀ kalẹ̀, ìyẹn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì ìṣẹ́jú àáyá kí ènìyàn tó gbọ́ ẹnìkejì rẹ̀. Àwọn tuntun wọ̀nyí wà ní nǹkan bí 550, ìpẹ́-èsì wọn sì kéré. Àwo wọn fẹ́ rí ojú ọ̀run gbayawu, igi máńgòrò kò gbọdọ̀ dí i.

Iná ni ó yẹ kí a fi wọn gbogbo èyí. Àpótí inú ilé ń jẹ nǹkan bí wáàtì 10. Àwo Starlink tí ó wọ́pọ̀ ń jẹ 50 sí 75. Bátìrì kékeré oní-fóòtì 12, tí agbára rẹ̀ jẹ́ àńpíà-wákàtí 7, ní wáàtì-wákàtí 84 nínú. Lórí ìwé, yóò gbé àpótí náà fún wákàtí mẹ́jọ, yóò sì gbé àwo fún wákàtí kan àti díẹ̀. Ní ìṣe, kò ní tó bẹ́ẹ̀. Níbi tí iná mànàmáná bá ti ń ṣe ségesège, owó epo ẹ̀rọ amúnáwá lè ju owó dátà lọ láàárín oṣù kan, ẹni tí kò sì ṣe ìṣirò yìí ṣáájú yóò ṣe é nígbẹ̀yìn.

Ó ku ohun mẹ́ta tí a ń kọ sára páálí ẹ̀rọ. Àkọ́kọ́ ni ìyára. Bíìtì ni àwọn tí ń ta ẹ̀rọ fi ń ka ìyára. Báìtì ni àwọn tí ń ta dátà fi ń ka ọjà wọn, bíìtì mẹ́jọ sì ni ó wà nínú báìtì kan. Nítorí náà, ìyára mẹ́gábíìtì 40 kò ju mẹ́gábáìtì 5 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá. Gígì kan, lórí ìyára mẹ́gábíìtì 10, yóò gbà tó ìṣẹ́jú 13. A dábàá pé kí àwọn olùkọ́ má ṣe wá orúkọ Yorùbá fún bíìtì àti báìtì, nítorí nọ́ḿbà ni wọ́n, ọjà gbogbo ayé sì ni wọ́n wà fún. Ohun tí ó ṣe pàtàkì ni kí ohùn àti lẹ́tà wọn má ṣe papọ̀. Iye ńlá tí a kọ, bí 150 tàbí 300, ohun tí ẹ̀rọ lè gbé ni, kì í ṣe ohun tí òpó yóò fún un.

Èkejì ni ẹkùn ìgbì. Lára ẹ̀rọ ìran kẹrin a máa ń kọ B pẹ̀lú nọ́ḿbà. B28 jẹ́ 700, B20 jẹ́ 800, B3 jẹ́ 1,800, B7 jẹ́ 2,600. Wọ̀nyí ni ó wúlò ní Nàìjíríà. Ẹ̀rọ tòkunbọ̀ tí a ṣe fún Amẹ́ríkà sábà máa ń ní B2, B4, B12, B13 àti B66. Ó lè mọ́ tónítóní, kí iná rẹ̀ sì tàn, síbẹ̀ kò ní gbọ́ òpó wa, bí ẹni tí a ń kí ní èdè tí kò gbọ́.

Ẹ̀kẹta ni dídè. Ilé-iṣẹ́ kan lè ta ẹ̀rọ ní ẹ̀dínwó, kí ó sì dè é mọ́ sìímù tirẹ̀ nìkan. Kò burú bí òpó ilé-iṣẹ́ náà bá dára nílé ẹni. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá tíì dán ju sìímù kan lọ wò nílé rẹ̀, èyí tí a kò dè ni kí ó rà, kí ó sì mú sìímù méjì lọ́wọ́ lọ sí ọjà láti fi dán an wò lójú olùtajà. Bí ó bá jẹ́ àlòkù, kí ó wá ihò tíńtín kan tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀rọ, kí ó fi abẹ́rẹ́ tẹ inú rẹ̀ mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá títí iná yóò fi kú tí yóò sì tún tàn. Gbogbo ètò tí ẹni àná ṣe yóò parẹ́. Kí ó pa ọ̀rọ̀ aṣínà tí ó bá lára rẹ̀ dà, ti wáífáì àti ti ojú ìwé atọ́nà, kí ó yan WPA2 tàbí WPA3 fún ààbò ìgbì ilé, lẹ́yìn náà ni kí ó tó ra dátà sórí sìímù tí ó fi sí i.